Ọjọ́ Tí Bààlúù Já Sí Oko Ìrẹsì

"Ẹ jọ̀wọ́, ọkọ̀ agbépo kan ti dojú dé ní márosẹ̀, lápá Ìbafo. Epo ń dà sílẹ̀. Ẹ má lọ síbẹ̀. Ẹ má rán ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ lóde, kó pè é wọlé."

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ló fi ìkìlọ̀ yìí ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje. Mo mọ àkókò náà torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá, ti wọ bàtà sẹ́sẹ̀ kan, ó ń fi ẹsẹ̀ kejì wá èyí tó kù lábẹ́ àga.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mọ́mì, gbogbo èèyàn ló ń lọ. Mo kàn fẹ́ ya fídíò ni. Mi ò ní sún mọ́ ọn."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ohun tó sì jáde ni ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì sọ láti ohun tó lé ní ogójì ọdún. Mo pariwo pé, "Ilẹ̀ o!"

Ọmọ náà dúró, ó ń wò mí. "Kí ló wà nílẹ̀?" Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó rò pé ejò ni.

Mo gba bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbé àga jókòó tì í. Ọkọ̀ náà ò gbiná. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbé e dìde, wọ́n ti da iyanrìn sórí epo tó wà nílẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò tó lọ wò ó sì ti padà dé, wọ́n ń fi fídíò han ara wọn. Ọmọ mi ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

"Ṣé ẹ rí i, Mọ́mì? Kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí nǹkan ò bá ṣẹlẹ̀ máa ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ tí kò dáa. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí sílẹ̀, kí ọmọ mi àti ẹlòmíì lè mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi yẹn, àti ẹni tó kọ́ mi.

Ìyá kan ni, aládùúgbò wa. Ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ, nítorí náà mi ò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an títí ó fi kú. Ìyá Olóko ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀yìn Mowe là ń gbé nígbà náà, kí ilé tó bo gbogbo ibẹ̀, nígbà tí àbàtà àti ọ̀pẹ ṣì pọ̀ ju òrùlé lọ. Apá Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí mi ti wá. Káfíńtà ni bàbá mi, iṣẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń là lọ́wọ́ ló gbé e débẹ̀. A háyà yàrá kan, ilé amọ̀ ìyá náà ló sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa. Ọmọ onílẹ̀ ni òun, ẹ̀ka èdè ìlú wọn ló ń sọ. Ìyá mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bá ta omi sórí páànù gbígbóná. Òun náà a fèsì láti ẹ̀yìn odó rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ará òkè, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa àgbò lọ sọ́jà." Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Bí ọjọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òórùn ilé rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Á ti rẹ ìrẹsì sínú ìkòkò ńlá fún ọjọ́ mẹ́ta, òórùn kíkan kan á sì gba gbogbo àgbàlá, èyí tí àlejò ń torí ẹ̀ di imú, ṣùgbọ́n tó máa ń jẹ́ kí ebi pa èmi. Lẹ́yìn ìyẹn, á dáná, á bọ̀ ọ́, á sá a sórí ẹní, àwa ọmọdé á máa lé adìyẹ. Tó bá gbẹ, odó á bẹ̀rẹ̀: gbì, gbì, gbì. Lẹ́yìn odó, atẹ á dún, ṣáà, ṣáà, èèpo á sì máa fò bọ́ sí irun wa. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, a jọ máa jókòó yí atẹ ká, a ó máa ṣa òkúta.

"Ẹ má fojú wá a," á ní. "Ojú máa ń sú. Ẹ jẹ́ kí ìka yín wá a."

A ó ṣà á tán, a ó ní ó ti mọ́. Á tún da gbogbo rẹ̀ padà sínú atẹ. "Ẹ tún un ṣà. Bó bá ku ẹyọ kan, eyín ẹnì kan ló máa rí i."

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé lọ. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣẹ̀sín títí dòní pé mo máa ń yẹ gáàsì wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sùn.

Nígbà tí ìrẹsì bá yọ orí, tí inú rẹ̀ ń ṣomi funfun bíi wàrà, ẹyẹ ẹ̀gà á dé. Bí àwọsánmà ni wọ́n ṣe máa ń dé. Bí wọ́n bá bà sórí oko fún ìwọ̀nba àkókò tí èèyàn fi ń mu ẹ̀kọ, èèpo lásán ni wọn á fi sílẹ̀. Ìyá náà a sì kó àwa ọmọ àdúgbò lọ ṣọ́ oko, lọ́jọ́ Sátidé àti nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi. Ìgun mẹ́rin loko náà ní, ọmọ kan ló ń dúró sí ìgun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agolo mílíìkì àti igi. Ìgun ìsàlẹ̀, níbi tí oko ti kan odò kékeré, ni tèmi. Ẹlẹ́sẹ̀ Ehoro ni ìyá náà ń pè mí, torí pé kò sí ẹni tó lè bá mi sáré. Ẹni tó ń ṣọ́ ìgun ìdí ọ̀pẹ, tó sún mọ́ tèmi jù, ni ọmọ aránṣọ kan, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́ Òsì. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, kì í sì í gbà pé mo yára ju òun.

Ìyá náà fúnra rẹ̀ a jókòó sórí pèpéle onígi láàárín oko, ó ga ju ìrẹsì lọ, ó fi okùn kànnàkànnà wé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kì í ju òkúta o. Amọ̀ ló máa ń ṣù, kó sá a kó gbẹ, kó tó jù ú. "Ẹni tó bá ju òkúta sóko ìrẹsì," á ní, "òun náà ló máa fi eyín ṣà á." Amọ̀ yìí le o. Bó bá ba ọmọ lórí, á sunkún.

Nítorí náà ló ṣe kọ́ wa ní ohun kan kó tó kọ́ wa ní ohunkóhun. Tí ẹyẹ bá bà sí ìgun ọmọ kan, á kígbe pé, "Ilẹ̀ o!" Kí ọmọ náà tó mí, ó gbọ́dọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà sílẹ̀, ojú sílẹ̀, ọwọ́ lórí. Ọmọkùnrin ló ń dọ̀bálẹ̀ nílé, ọmọbìnrin á kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oko yẹn, gbogbo wa là ń dọ̀bálẹ̀. Amọ̀ á fò kọjá lórí wa, fìììn. A ò gbọ́dọ̀ dìde títí á fi sọ pé, "Ó ti kọjá." A kì í béèrè ìdí, a kì í sì í bojú wẹ̀yìn. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ká tó bẹ̀rẹ̀, á dán wa wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ọlọ́wọ́ Òsì ló máa ń pẹ́ jù, torí pé ó ń tọ́jú aṣọ rẹ̀.

Òfin kejì ni pé ẹyẹ tó bá já, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló ni ín. Kò sí àríyànjiyàn. Ìyá náà á sun ún fún onítọ̀hún, á fi epo àti iyọ̀ pa á lára. Ẹyẹ tí mo ti gbà lọ́wọ́ Ọlọ́wọ́ Òsì pọ̀ débi pé kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ tí a bá ń lọ sílé.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, ó ti tó ọdún mélòó kan. Ní àkókò ìrẹsì ọdún tí mò ń sọ yìí, bààlúù kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá lórí oko wa. Bàbá mi ní àwọn ológun ló ni ín, pé òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ sójà ní wíwà. Èèyàn méjì ló ń wà nínú rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà àti ẹni tó ń kọ́ ọ. Á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á yí po, á tún padà wá. Nígbà mìíràn ó máa ń sún mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí orí wọn. Ẹnì kan juwọ́ sí wa rí. A fẹ́ràn rẹ̀, torí pé gbogbo ẹ̀gà ló ń sá fún un.

"Ẹ wá wo ẹyẹ tí kì í jẹ ìrẹsì," ìyá náà wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwa rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Mo ṣàkíyèsí pé tí bààlúù náà bá ń kọjá, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí ohun yòówù tó bá ń ṣe, títí ìró rẹ̀ á fi tán pátápátá.

Mo bi ìyá mi. Ó sọ fún mi pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá náà bí ló wọ iṣẹ́ sójà nígbà ogun. Kò padà. Wọn ò kọ lẹ́tà, wọn ò fi aṣọ rẹ̀ ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè júwe ibojì fún un. "Má bi í o," ìyá mi wí. Mi ò bi í.

Lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ìrẹsì ti ń pọ́n, ó ku díẹ̀ ká gé e. Ìrì ṣì wà lára ewé. Mo gbọ́ bààlúù náà lókèèrè, ìró rẹ̀ dà bí ọlọ tí kì í dúró. Lẹ́yìn náà, ó wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́.

Mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bààlúù náà yọ lórí igi, kò dún, atẹ́gùn nìkan ló ń súfèé lára apá rẹ̀. Ó gba orí ọ̀pẹ Ọlọ́wọ́ Òsì, imọ̀ ọ̀pẹ fọ́n káàkiri. Òjìji rẹ̀ kọjá lórí mi. Ó já lulẹ̀ sí ìsàlẹ̀ oko, níbi tí ìrẹsì ti kan odò, ẹrẹ̀ sì ta sókè bí ìgbà tí èèyàn gbá omi. Kò gbiná. Ó kàn dojú kọlẹ̀ síbẹ̀, irin rẹ̀ ń tàn yanran nínú oòrùn.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi, torí pé bí mi ò bá sọ ọ́, ìwé yìí ò wúlò. Ẹ̀rù ò bà mí. Mi ò ro ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé ìgun tèmi ló já sí.

"Tèmi ni!" mo pariwo, ẹsẹ̀ mi sì ti gbéra.

"Irọ́ ni! Orí ọ̀pẹ tèmi ló kọ́kọ́ bà!" Mo gbọ́ Ọlọ́wọ́ Òsì lẹ́yìn mi, ó ń sáré bọ̀, agolo rẹ̀ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Òfin tí mo mọ̀ ni pé ohun tó bá já láti òkè, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló ni ín. Mo ti na ọwọ́. Mo ti ń gbọ́ òórùn kan tó dà bí ti àtùpà tó dànù, ṣùgbọ́n ó le ju ìyẹn lọ, ó ń ta mí lójú. Kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ mọ́ tí mo máa fi débẹ̀. Mo ti padà lọ wọn ibẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ogún ni.

"Ilẹ̀ o!"

Ara mi ló gbọ́ ọ, kì í ṣe etí mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹrẹ̀ ti kún mi lẹ́nu. Mo gbọ́ tí Ọlọ́wọ́ Òsì ṣubú lẹ́yìn mi, gbàgà, kò tọ́jú aṣọ lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ mì lábẹ́ ikùn mi. Ooru kan kọjá lórí ẹ̀yìn mi bí ọwọ́ ńlá. Nígbà tí mo fi ojú kan ṣoṣo wò, orí ìrẹsì tó wà lókè mi ti ká jọ, ó ti dúdú. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òwú di irun mi lọ́jọ́ tó ṣáájú. Gbogbo ṣóńṣó rẹ̀ ló jó.

Mo ń retí "Ó ti kọjá." Kò dé.

Ohun tó dé ni ẹsẹ̀ tó ń lọ nínú ẹrẹ̀. Orúnkún ìyá náà ò dáa, ọ̀pá ló fi ń rìn, a ò rí i kó sáré rí. Ó sáré kọjá láàárín èmi àti Ọlọ́wọ́ Òsì. "Ẹ má dìde," ó wí. "Ẹ má gbórí sókè." Ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń sọ pé ká tún òkúta ṣà.

Mo yí ojú díẹ̀. Ọkùnrin kan ti jáde kúrò nínú bààlúù náà kí iná tó sọ, ó ń wọ́ bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń tẹ̀lé e bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá náà tú ìró ìdí rẹ̀, ó lọ́ ọ, ó ki í bọ abẹ́ apá ọkùnrin náà méjèèjì, ó sì kẹ̀yìn, ó ń fà á. Ó fà, ó jókòó. Ó fà, ó jókòó. Bí a ṣe ń fa ìdì ìrẹsì kúrò nínú ẹrẹ̀ nìyẹn, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ò ti lè gba ẹrù lórí. Èmi fúnra mi ti bá a fa ìdì ìrẹsì bẹ́ẹ̀ rí. Ó fà á kọjá lára wa, ó fà á títí dé ìdí pèpéle rẹ̀.

Nígbà náà ló tó wí pé, "Ó ti kọjá. Ẹ dìde. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ má wẹ̀yìn o. Ẹ wo ìrẹsì."

Mo wo ìrẹsì. Títí dòní mi ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, ibi tí ẹnì kejì wà. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn ju gbogbo yòókù lọ.

Ó rán Ọlọ́wọ́ Òsì àti àwọn ọmọ méjì yòókù lọ pe àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà, torí pé àwọn ló ní ọkọ̀. Ó fún mi ní atẹ pé kí n máa fẹ́ atẹ́gùn sí ọkùnrin náà. Ọkùnrin kọ́ o, ọmọ ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù dáadáa. Ìyá náà jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti tòbí, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó fi gèlè nu ẹrẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, ó ń nù ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó ti kọjá. Ó ti kọjá."

Ọmọ náà sọ èdè kan tí a ò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ Gẹ̀ẹ́sì.

"Kí ló wí?" ìyá náà bi mí. "Ṣebí ìwọ lò ń lọ sílé ìwé."

"Ìyá, ó ń pe sà. Tíṣà rẹ̀ ni. Ó ní níbo ni tíṣà òun wà."

Ìyá náà wo ibi tí èéfín ti ń jáde. "Sọ fún un pé ó wà lẹ́yìn wa níbẹ̀ yẹn. Sọ pé kó kọ́kọ́ mú ara le."

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé kí èèyàn mú ara le lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi àga àti tábìlì kọ́ wa ní "lẹ́yìn" lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí náà mo sọ ìyẹn, mo sì nawọ́ síbẹ̀. Ọmọ náà pajú dé. Ó mi orí pé òun gbọ́. Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún bóyá irọ́ la pa fún un. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n a ò sọ gbogbo rẹ̀, mo sì rò pé òun náà mọ̀, pé ó dákẹ́ fún wa ni.

Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan dì mú. Ó rí okùn kànnàkànnà tó wà lọ́rùn ọwọ́ ìyá náà, ó sì dì í mú. Kò fi í sílẹ̀ mọ́.

Àwọn ọkùnrin abúlé ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú àdá àti àpò. Iná ti ń rọlẹ̀. Mo rí i tí ojú àwọn kan ń lọ sára irin tó fọ́n káàkiri oko. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Dúró," ìyá náà wí láti ibi tó jókòó sí. "Ìwọ mọ òfin oko mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló ni ín. Ṣé o fẹ́ fọwọ́ kàn án? Ó dáa. Ẹni tó bá fọwọ́ kan irin yẹn lónìí ló ni òkú tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ lo máa lọ sọ fún ìyá rẹ̀."

Ọkùnrin náà nà ró. Kò sí ẹni tó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi àdá wọn gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n fi ṣe ibòji lé ọmọ náà lórí.

Ìyá mi dé, kò wọ bàtà. Ó gbá mi létí, ó gbá mi mọ́ra, ó tún gbá mi létí. "Ìwọ Ẹlẹ́sẹ̀ Ehoro yìí! Ta ní ní kí o sáré? Ta ní ní kí o sáré?"

"Má nà án," ìyá àgbà náà wí. "Nígbà tí mo ní kó dúró, ó dúró. Èmi ni kí o nà. Èmi ni mo kọ́ wọn pé kí wọ́n sáré."

Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ejìká ìyá náà.

Lọ́sàn-án, àwọn sójà tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà lọ pè gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá. Wọ́n fẹ́ já okùn náà gbà lọ́wọ́ ọmọ náà kí wọ́n tó gbé e. Ìyá àgbà náà ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó tú u lọ́rùn ọwọ́ tirẹ̀, ó sì wé e mọ́ ọwọ́ ọmọ náà dáadáa. Ó ń mí nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Ìyẹn nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi gbé omi gbígbóná lọ fún Ìyá Olóko, mo sì tẹ̀lé e. Mo gbọ́ tó bi í pé, "Ìyá, iná ń jó, ẹ sì wọ ibẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sá?"

Ìyá náà ti ki orúnkún rẹ̀ bọ inú omi. Kò gbójú sókè. "Ẹnì kan á ti jókòó ti ọmọ tèmi náà," ó wí.

Kò sí ẹni tó wá sọ fún wa bóyá ọmọ náà yè. Sójà tó bá kọjá, ìyá náà á bi í léèrè: ọmọ kan báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló kán, ó mú okùn kan dání. Nígbà tó bá gbé ìrẹsì lọ sọ́jà Ifọ̀, á béèrè níbẹ̀ náà. Wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Kò ṣe kànnàkànnà mìíràn mọ́. Tí a bá béèrè, á ní ẹni tó mú un lọ ṣì ń lò ó lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n a ṣì ń ṣọ́ oko, agolo nìkan la wá fi ń lé ẹyẹ. Ó yí òfin kejì padà. Ó ní ohunkóhun tó bá já láti òkè, ìbáà ṣe ẹyẹ, ìbáà ṣe èso, kí ọmọ kọ́kọ́ dúró kó pe òun. Òfin àkọ́kọ́ ò yí padà. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé amọ̀ ò fò mọ́, ní àràárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dán wa wò. Ọlọ́wọ́ Òsì ló wá ń kọ́kọ́ dé ilẹ̀.

Ìyá náà ti kú láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé girama. Ilé ti bo oko náà. Tí mo bá wọkọ̀ kọjá níbẹ̀, mo máa ń mọ ibi tí pèpéle wà, ẹ̀gbẹ́ ilé kan tí wọ́n kun ní àwọ̀ ewé. Mo ṣì ń fi ìka ṣa ìrẹsì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé èyí tí à ń rà nísinsìnyí ò ní òkúta. Mo ṣì ń ka orí àwọn ọmọ mi tí gbogbo wa bá jáde. Mo rò pé mo ti gba gbogbo ohun tí ìyá yẹn fún mi, pé mo ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé ni mo wá rí i pé mo fi èyí tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀. Mo bí ọmọ mẹ́rin. Mo ti kìlọ̀ fún wọn títí ẹnu mi fi bó. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí wọn lára. Mo pariwo "Ilẹ̀ o," ọmọ mi sì dúró, ó ń wá ejò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo mú un jáde sí àgbàlá kó tó lọ sílé ìwé. Mo ti sọ ìtàn náà fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó kàn bi mí pé kí ló ṣe Ọlọ́wọ́ Òsì. Mo ní ó ti di ìyá àgbà ní Akute, pé ó ṣì ń sọ pé bààlúù yẹn, orí ọ̀pẹ òun ló kọ́kọ́ bà.

"Ilẹ̀ o!"

"Mọ́mì, yúnifọ́ọ̀mù mi!"

"Ilẹ̀ o!"

Ó kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, aládùúgbò sì ń wò wá lórí ògiri. Nígbà kẹta, ó dọ̀bálẹ̀, àyà sílẹ̀, ojú sílẹ̀, ọwọ́ lórí. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tín-ín-rín, ó ń mí. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé, "Ó ti kọjá."

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kúkúrú, èyí tó bá wù yín. Ẹ kọ́ ọmọ yín pé tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kó dúró kó sì wálẹ̀, kó má béèrè ìdí títí ẹ̀yin fi máa sọ pé ó ti kọjá. Ẹ bá wọn fi ṣeré lẹ́ẹ̀mẹta láràárọ̀, títí ara wọn fi máa gbọ́ ọ kí etí wọn tó gbọ́. Tí ẹ bá kọ́ gbogbo wọn tán, ẹ tún wọn kà. Bó bá ku ẹyọ kan, ẹ pè é wá.